Góòlù tí Mo Wọ́gi Lé ní Savalou

Òórùn káńfọ̀ kì í tètè lọ lára aṣọ. Inú àpótí pákó ìyá wa ní Bantè ni aṣọ dúdú tí mo fi ń darí bọ́ọ̀lù máa ń wà, láàárín àwọn aṣọ ìgbà òmidan rẹ̀, pẹ̀lú káńfọ̀ méjì nínú àpò ṣòkòtò kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Tí mo bá wọ aṣọ yẹn, tí òógùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bò mí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á ti gbóòórùn mi kí wọ́n tó rí mi. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí kòkòrò tó lè jẹ ẹjọ́ tí mo bá dá. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nísinsìnyí, bí mo bá gbóòórùn káńfọ̀ nílé ẹnikẹ́ni, pápá Savalou ló ń wá sí mi lọ́kàn, n kì í sì í fẹ́ pẹ́ níbẹ̀.

Rẹfirí ni ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pe irú èèyàn bíi tèmi. Àwa ń pè é ní abítíìrì, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé. Tíṣà ni mí ní Pira, mo sì ní alùpùpù kékeré kan tí mo ń gùn káàkiri ojú ọ̀nà eruku lọ fọn fèrè ní Gouka, ní Bantè, níbikíbi tí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pè mí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju bó ti yẹ lọ. N kò lè rí ìyànjẹ kí n dákẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní adájọ́ nínú ilé. Ohun tí mo ń lé ni ìwé àṣẹ tí yóò jẹ́ kí n lè fọn fèrè káàkiri orílẹ̀-èdè, ní Parakou, ní Cotonou, níbi tí àwọ̀n wà lẹ́yìn òpó góòlù. Òpó igi tíìkì tí a fi ẹfun kùn ni tiwa, kò sí àwọ̀n kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló ń gbá iwájú fún Bantè. Àgbẹ̀ iṣu ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan sì tó ẹsẹ̀ méjì ẹlòmíràn.

Ní ìgbà iṣu tuntun lọ́dún kan, lákòókò tí ìjọba ṣì ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráàdì, Bantè lọ bá Savalou gbá bọ́ọ̀lù ní Savalou. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú agbègbè wa ní Abomey. Ará Bohicon ni wọ́n yàn láti wá fọn fèrè. Èmi kàn fẹ́ gbé àsíá lẹ́bàá ìlà ni. Ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ọkùnrin náà rì sínú ẹrẹ̀, kò dé. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì eré ìdárayá, ẹni tó wá wo bí a ti ń ṣiṣẹ́, dé ní tirẹ̀, ó wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, ó gbé agboòjò dání. Ó ní kí n bọ́ sí àárín. Mo sọ fún un pé ọmọ ìyá mi wà nínú àwọn ọmọ Bantè. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Kamaráàdì, kò sí ẹlòmíràn. Tí o bá ṣe é dáadáa, èmi fúnra mi ló máa buwọ́ lu ìwé rẹ. Tí o bá ṣègbè, wàá fa fèrè yẹn lé mi lọ́wọ́ lónìí."

Mo pe àbúrò mi sẹ́yìn igi máńgòrò, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un bí ọ̀gá ṣe sọ ọ́. Mo ní bí a bá ti wọ pápá, kó má pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, kó má tilẹ̀ bá mi rẹ́rìn-ín.

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ó di ẹ̀yìn eré."

Eré náà le. Ẹrẹ̀ ti bo aṣọ wọn débi pé ohùn ni mo fi ń mọ ẹlòmíràn yàtọ̀. Nígbà tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò tíì sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, èrò sì ti sún mọ́ òpó débi pé àwọn kan fara tì í. Aṣọ́lé wa gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan síwájú, àbúrò mi sáré tẹ̀lé e. Èmi náà sáré, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo fọwọ́ gúnlẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lẹ́bàá òpó, ó wọ àárín èrò lọ. Lójú tèmi, inú ló gbà. Mo fọn fèrè, mo nawọ́ sí àárín pápá pé góòlù ni.

Ni èrò bá ya wọlé. Èdè Mahi ni wọ́n ń sọ, mo sì gbọ́ ọ dáadáa, nítorí mo ti máa ń tẹ̀lé ìyá wa wá ta iṣu lọ́jà Savalou. Wọ́n ní ìta òpó ni bọ́ọ̀lù gbà, wọ́n ní kí ni èèyàn ń retí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń dájọ́ fún àbúrò. Mo wo ẹni tó gbé àsíá lápá ibẹ̀. Ó ní èrò dí òun lójú. Mo wo ọ̀gá. Ó ti dìde lábẹ́ agboòjò rẹ̀, ó tẹjú mọ́ mi. Òfin gbà mí láyè láti yí ìpinnu mi padà níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù kò bá tíì tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí n lọ bi agbábọ́ọ̀lù léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí gidi, mo fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi gbé ẹrù náà, mo sì yà sọ́dọ̀ àbúrò mi lójú gbogbo ayé.

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ṣé inú ló gbà, àbí ìta?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì dì mọ́ ọn, wọ́n ń yọ̀. Ó wo ojú mi, ó wò ó pẹ́.

"Abítíìrì, ìta ló gbà."

Mo wọ́gi lé góòlù náà. Kò pẹ́ tí Savalou gbá tiwọn wọlé, wọ́n sì fi ẹyọ kan náà borí. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó mú mi lọ jẹ iyán iṣu tuntun. Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ibi tí mo ti ń jẹun ni ọkọ̀ tó kó àwọn ọmọ Bantè wá ti gbéra láìsí àbúrò mi nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wá ló tì í bọ́ sílẹ̀. Ó so okùn bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó sùn ní abà kan lójú ọ̀nà, ọjọ́ kejì ló délé. Ó kó bàtà náà fún ìyá wa pé kó bá òun sọ ọ́ nù. Ká ní èmi ni wọ́n bínú sí ni, ì bá dára. Wọ́n ní èmi ṣe iṣẹ́ mi. Òun ló ta ìlú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró kò yọjú sí oko rẹ̀ mọ́, òun nìkan ló kọ gbogbo ebè rẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sì kọ ọ́ tán. Kí òjò ọdún kejì tó dé, ó ti tẹ̀lé ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ta epo bẹntiróòlù lọ sí Ṣakí.

Mo rí ìwé mi gbà. Mo fọn fèrè ní Abomey, ní Parakou, ní Cotonou, mo sì rí àwọ̀n. Níbi gbogbo tí mo bá dé, orúkọ mi ti ṣáájú mi: abítíìrì tí kò gbè sẹ́yìn ọmọ ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹnu àbúrò mi ni mo ti já orúkọ náà gbà. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi ní òwe yẹn títí, n kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. N kò tún bi agbábọ́ọ̀lù kankan léèrè ohunkóhun mọ́. Mo kọ lẹ́tà sí Ṣakí. Aṣọ ló ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wa, òun fúnra rẹ̀ kò wá.

Ikú ìyá wa ló mú un wálé, lọ́dún 1990. Ó ti sanra, ó ti ń sọ Yorùbá bí ará Ṣakí. Ní ọjọ́ kẹta tí a sin ìyá, àwa méjèèjì ṣí àpótí náà. Káńfọ̀ kún ilé. A ń kó aṣọ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí a fi kan bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ aṣọ dúdú mi àkọ́kọ́. Ìyá wa kò sọ ọ́ nù. Ẹrẹ̀ Savalou ti gbẹ mọ́ ọn nídìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó foríjì mí, pé ẹrù mi ni mo gbé lé e lórí, pé òtítọ́ tó sọ ló lé e kúrò nílùú. Ó ń fi èékánná ha ẹrẹ̀ náà, kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, inú ló gbà."

Mo ní kí ló wí.

"Ó wọlé. Mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n mo wo ojú yín, mo rí i pé ẹ̀ ń bẹ̀ mí."

Mo fẹ́ bínú, mo fẹ́ sọ pé n kò bẹ̀ ẹ́, pé òtítọ́ ni mo béèrè. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ló sì rí ojú mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe èmi. Ẹkún gbọ̀n mí níbẹ̀, tí àwọn obìnrin ilé fi rò pé ikú ìyá ni. Ó gbé bàtà náà lọ sí Ṣakí nígbà tó ń lọ. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ó ti kọjá.

Mo pa á mọ́ fún un lọ́pọ̀ ọdún. Òfin ní bí bọ́ọ̀lù bá ti tún bẹ̀rẹ̀, kò sí ìpinnu tí a tún lè yí padà, mo sì mọ òfin yẹn bí mo ti mọ orúkọ mi. Síbẹ̀, ẹ bá mi gbọ́ ọ, ẹ sì sọ ọ́ fún ará Bantè tí ẹ bá pàdé: góòlù ni. Inú ló gbà. Àbúrò mi ló gbá a wọlé.