Páálí Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Ọjọ́ tí mo tú páálí mẹ́fà, tí mo rí i pé bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló kún inú wọn, ni mo gbà pé Àlàbí ń jà mí lólè.

Bàtà rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọ̀ ni mò ń tà ní ọjà Marché Dakar, nílùú Douala. Àlàbí, ọmọ Ìwó bíi tèmi, ló máa ń lọ rà á wá ní Àbá. Á kó o gba Kàlàbá, ọkọ̀ ojú omi á sì gbé e dé etídò wa. Oṣù mẹ́wàá lọ́dún ni mo fi ń lé eṣinṣin ní ìsọ̀. Bí iléèwé bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kó wọlé, gbogbo ayé á ya bò mí. Lọ́dún ọ̀dá owó tí ìjọba gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, òbí tí ọmọ rẹ̀ ń wọ bàtà nọ́ńbà ọgbọ̀n á ra nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n, kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Àwọn ńlá á tán, àwọn kékeré á jókòó tì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún náà ni Àlàbí dé tó ní àwọn ọkùnrin kan dá ọkọ̀ dúró ní etídò, wọ́n sì kó lára ẹrù wa lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, mo bá a kẹ́dùn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo wo ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo wo aṣọ ọrùn rẹ̀, bóyá tuntun ni.

Wàyí o, òsì nìkan. Obìnrin kan tiẹ̀ ti wọ òsì méjì fún ọmọ rẹ̀, ọmọ ń rìn bí akàn. Mo pe Àlàbí sẹ́yìn ìsọ̀.

“Ọ̀tún dà?”

“Ó gba ọ̀nà ilẹ̀, Ìyá Ráṣídà. Ó ń bọ̀.”

“Ta lo tà á fún?”

“Ta ni yóò ra ọ̀tún nìkan? Ìdí tí mo fi pín in nìyẹn. Bí wọ́n bá jí ọ̀kan, kò wúlò fún wọn.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Ó wolẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀yin ni mò ń fura sí. Ẹ̀yin nìkan ni mò ń sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò dé fún.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo ronú. Mo máa ń sọ ọjọ́ náà fún Màdáàmù Clotilde, tó ń rà lọ́wọ́ mi lọ tà ní àdúgbò PK8, kó má baà lọ rà níbòmíràn.

Mo sọ èyí fún Àlàbí, a sì pinnu láti dán obìnrin náà wò. Mo sọ fún un pé ọ̀tún yóò gba orí omi dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ni ọ̀tún ti gba ọ̀nà ilẹ̀ dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àlàbí bá ọkọ̀ kan tó kó kìkì gàrí dé etídò. Àwọn ọkùnrin náà ò wo gàrí. Wọ́n ní, “Bàtà dà?”

Lọ́jọ́ kejì, Màdáàmù Clotilde dé, ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo tà fún un. Òun ni oníbàárà mi tó tóbi jù, mi ò sì mọ̀ bóyá òun ló ń sọ fún àwọn olè náà ni tàbí ẹnìkan nílé rẹ̀. Ó ń yẹ òsì àti ọ̀tún wò, èmi ń yẹ ojú rẹ̀ wò. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Àlàbí tún fi ṣiṣẹ́ pọ̀ kí n tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún Ráṣídà, ọmọ mi. Páálí kan ò sọnù mọ́. Àlàbí ò sì sọ ọjọ́ tí yóò dé fún mi mọ́. Mo kàn máa ń rí i tó yọ ni. Mi ò bi í léèrè rí.