Orin Tó Dágbére Tí Kò Lọ

Ọyẹ́ mú gan-an ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku bo ojú òrùn, irin agídìgbo tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi sì tutù ju omi àmù lọ. Mo gbé e lé itan, mo ń fi ẹnu fẹ́ àtàǹpàkò mi kó lè móoru. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí wọ́n ṣe ìrántí ọ̀rẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti ṣèlérí pé màá lu orin tuntun fún un, agídìgbo nìkan, láìsí ẹlẹ́gbè.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin pè mí lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, orin tó níyì o. Èyí tó máa pa èèyàn lẹ́kún."

"Mo gbọ́."

Mo gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi kó tó kú: "Tó o bá fi orin sọ mí di ẹni mímọ́, màá wá fà ọ́ létí." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí n má lọ sin ín lẹ́ẹ̀kejì, kí n sọ ọ́ di ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Mi ò mọ ìwé orin. Mo kàn ń rántí ọ̀rẹ́ mi ni, mo ń ta irin. Ìrìn rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kan wúwo, ìkejì ń sáré tẹ̀ lé e. Ìparí ló le. Ọ̀rẹ́ mi kì í dágbére lẹ́ẹ̀kan. Á ní ó dàbọ̀, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà wá jókòó: "Mo tiẹ̀ gbàgbé..." Mo ní ó dáa, bí orin náà ṣe máa parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìrántí, àwọn ará ìjọ rẹ̀ wọ aṣọ funfun, wọ́n kún ọgbà. Mo lù ú, ó parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àbúrò rẹ̀ dìde. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó. Mo parí. Wòlíì ìjọ wọn ní, "Ẹ jẹ́ ká—" Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Háà! Òun gan-an nìyẹn! Kò ní lọ títí ọbẹ̀ ẹni á fi jóná!"

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣíjú, omijé àti ẹ̀rín ló jọ wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà yìí, ìwà yín ò dáa," ló wí. "Ẹ máa lù ú lọ."

Lọ́jọ́ kejì, olórí akọrin ránṣẹ́ pé kí n wá lù ú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àmọ́ kí n jẹ́ kó parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kí ẹni tó rán dáadáa, mo ní orin ọ̀rẹ́ mi kì í parí lẹ́ẹ̀kan, mo gbé agídìgbo mi, mo wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ padà sílé.