Clarrie, Sún Díẹ̀

Bí ẹ bá bi Nola Pruitt ìdí tí ẹnu rẹ̀ fi mú bí abẹ, á ní omi ìwẹ̀ ló fà á. Àbíkẹ́yìn ọmọ méje ni, nínú ilé tó jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń gbé omi wá fún wọn. Ọpọ́n páànù kan ni wọ́n fi ń wẹ̀ ní gbogbo Sátidé, omi kan náà ni gbogbo ilé sì ń wẹ̀. Bàbá á kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ìyá á tẹ̀ lé e, àkọ́bí á tẹ̀ lé ìyá, títí yóò fi kan Nola. Nígbà náà, omi ti tutù, ó ti ki, ó ti pọ́n bí erùpẹ̀ ìta. Bàbá rẹ̀ á nà gbalaja sórí àga, á máa ta sánsán ọṣẹ, á ní, "Bọ́ sínú ẹ̀ jàre, omi ṣì wà níbẹ̀." Nola ní òun ò wẹ̀ rí títí òun fi lọ sílé ọkọ, pé ṣe ni wọ́n kàn ń fi amọ̀ rẹ́ òun bí ògiri.

Clarrie lọkọ ọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa ópàlì, òkúta olówó iyebíye kan, lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó rí ní gbogbo ayé rẹ̀ kò kún ife tíì, ṣùgbọ́n tó bá di bọ́ọ̀lù yíyí, ọ̀gá ni. Ní Wirrabel, ìlú wa, ilẹ̀ pupa, òrùlé pupa. Ajá funfun tó bá dé láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ òun náà ti pupa. Pápá bọ́ọ̀lù yíyí nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn àgbààgbà á dé fìlà funfun, wọ́n á máa yí bọ́ọ̀lù wúwo lórí koríko kó lè sún mọ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan tó wà níwájú, wọ́n á máa mu bíà, wọ́n á sì máa bú ara wọn. Clarrie fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n sun òun, kí wọ́n sì da eérú òun sórí pápá náà.

Nola dà á lóòótọ́. Ó yẹ kó fọ́n ọn káàkiri ni, àmọ́ atẹ́gùn ń fẹ́, kò sì fẹ́ kí ọkọ òun kó sẹ́nu àwọn tó wá síbi òkú, ló bá da gbogbo rẹ̀ sójú kan. Kò pẹ́, koríko ibẹ̀ kú pátápátá. Wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, wọ́n tún un gbìn, kò gbà. Ojú pupa rogodo kan ló ṣẹ́ kù láàárín koríko tútù. Bọ́ọ̀lù tó bá débẹ̀, ilẹ̀ rírin á dì í mú. Stavros, bàbá Gíríìkì tó ń tọ́jú pápá tó sì ń ta bíà níbẹ̀, kò yé ráhùn.

"Ìgbà tó wà láyé, kò jẹ́ n gbádùn. Ó tún kú tán, ó wá jókòó sójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù mi!"

Nola nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí i kọjá. Á bẹ̀rẹ̀, á nawọ́, á ké sí ọkọ rẹ̀ pé, "Clarrie, sún díẹ̀!" Bọ́ọ̀lù á sì rọra kọjá. Àwọn opó mìíràn ń lọ sunkún ní itẹ́ òkú. Ti Nola, ibi eré ni, kò sì pa Sátidé kankan jẹ.

Wàhálà dé nígbà tí omi kànga ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Kánsù ní kí ìgbìmọ̀ kan jókòó ṣètò omi àádọ́ta ọdún. Wọ́n fi Nola ṣe alága, nítorí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n sì rán Imogen Tranter sí wa láti olú ìlú, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà omi.

"Ìyáàfin Pruitt, ẹ káàsán o."

"Ìyá ọkọ mi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti kú. Nola ni tèmi. Jókòó, lé eṣinṣin kúrò lẹ́nu, kó o máa sọ̀rọ̀."

"Àádọ́ta ọdún kẹ̀!" Stavros ti dá sí i. "Ta ni ò tíì lé lọ́gọ́ta nínú yàrá yìí? Èmi tí mo bá ra bàtà báyìí, mo máa ń rò ó bóyá màá lò ó gbó."

Imogen rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa òótọ́ mọ́. Ó ní kí gbogbo ilé máa gbe omi òjò, kí páìpù tó ń jò di títúnṣe, kí wọ́n sì máa sẹ́ omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún lò. Ó wá kan pápá. Koríko yẹn ń mu ju ilé ìwé àti ilé ìwòsàn pọ̀ lọ. Bí wọ́n bá pa á tì, omi abẹ́ ilẹ̀ á tó àwọn ọmọ wa àti ọmọ wọn. Bí wọ́n bá dá a sí, kò ní tó.

"Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ máa sẹ́ ńkọ́?" Nola bi í. "Ẹ dà á síbẹ̀. Clarrie ò ní bínú, ohun tó burú jùyẹn lọ ti dà lé e lórí."

"Ọgbà ẹ̀fọ́ ilé ìwé la máa fi rin, Nola. Kò lè tó pápá. Ìlú yín kéré, ìtọ̀ yín ò pọ̀ tó."

"Ṣé ká túbọ̀ máa mu bíà ni?" ni Stavros wí.

Wọ́n dìbò, ó sì pín sí méjì dọ́gba. Ó wá ku ti alága. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tó máa dì í sí. Stavros tilẹ̀ ti ń dìde lọ ṣí bíà. Nola kàn fẹ́ bi ọmọ yẹn ní ìbéèrè kan kó tó lé e lọ ni.

"Tá a bá dá pápá sí, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rómi rárá ni?"

"Wọ́n á rí i. Èyí tó bá ṣẹ́ kù fún wọn. Á níyọ̀, á sì pọ́n, àmọ́ omi ṣì máa wà níbẹ̀."

Ẹni tó bá tètè dódò ló ń mu omi tó tòrò, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Nola ti jókòó rí nínú èyí tó ṣẹ́ kù, pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹsẹ̀ ẹni mẹ́jọ. Ó rí i pé òun gan-an ló nà gbalaja sórí àga báyìí, tó ń ta sánsán ọṣẹ. Inú bí i gan-an, sí bàbá rẹ̀, sí Imogen, sí ara rẹ̀.

"Ọlọ́run á bá bàbá mi wí," ló sọ. "Ẹ ti omi pápá."

"Nola!" Stavros figbe ta. "Clarrie ńkọ́?"

"Clarrie ò mu omi rí láyé ẹ̀. Bíà ló ń mu."

A yí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, a jẹ sọ́séèjì, a ti omi. Kí ìgbà ooru tó parí, koríko ti lọ pátá.

Sátidé kan, Nola mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó lọ síbẹ̀ bó ṣe máa ń lọ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́. Gbogbo pápá ti pupa, kò sì mọ ojú ibi tí Clarrie wà mọ́. Ó sunkún níbẹ̀, ojúlówó ẹkún, èyí tí kò sun lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú. Stavros bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò bíà méjì.

"Mi ò rí i mọ́, Stavros."

Stavros gbé ìgò méjèèjì sílẹ̀. Ó ní, "Yí i ná."

Nola fi ọwọ́ nu imú, ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́. "Clarrie, sún díẹ̀." Bọ́ọ̀lù bọ́ sórí ilẹ̀ tó ti gan bí kọnkéré, ó ń lọ, ó ń lọ, kò falẹ̀ níbì kankan, títí ó fi gbá ọgbà páànù lẹ́yìn pápá gbàà.

"Kò tiẹ̀ dúró," ni Stavros wí.

"Ó ti sún," ni Nola dá a lóhùn.