Ìṣákọ́lẹ̀ ní Hamburg

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi jáde nílé mi ní àdúgbò Wedding, ní Berlin. Ẹ̀yin ará ilé, n kò ní parọ́ fún yín: owú ló gbé mi rìn. Rafiu, ọmọ abúlé wa tó ń gbé Jenfeld ní Hamburg, ló fi fọ́tò ọgbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n máa ń pín ilẹ̀ kéékèèké níbí, kí ẹni tó ń gbé ilé alájà lè ríbi gbin nǹkan. Ọdún karùn-ún rèé tórúkọ mi ti wà nínú ìwé àwọn tó ń retí tiwọn. Rafiu dé lẹ́yìn mi, ó rí tiẹ̀ gbà!

Bẹ́ẹ̀ bàbá mi ló ni ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ gbin kòkó sí nílé. Wọ́n ń fi iṣu san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá mi á gbà á, kò ní dúpẹ́. A tún fi ń bú wọn: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀!"

Yúrò mẹ́rìnlá lowó bọ́ọ̀sì, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀, títì tó dán láìní kòtò. Bí mo ṣe ń wo pápá lọ, mo rántí àwọn òpópónà àdúgbò mi tó ń jẹ́ orúkọ Togo àti Kamẹrúùnù. Àwọn Jámánì ayé àtijọ́ gbalẹ̀ ibẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n sọ onílẹ̀ di lébìrà lórí rẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ la dá aláwọ̀ dúdú fún. Inú bí mi. Bàbá tèmi ò wá sí mi lọ́kàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀! Ẹ ò rí oko mi bí?" Rafiu kí mi lẹ́nu ọgbà rẹ̀.

"Oko kẹ̀? Èyí tí ò tó ẹ̀yìnkùlé ìyá mi!"

Rafiu rẹ́rìn-ín. "Ẹ sáà bá mi tu koríko ẹ̀."

A jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá òyìnbó kan yọjú láti ọgbà kejì, ó bi wá lédè Jámánì: "Ta ló háyà yín? Ọ̀gá yín dà?"

Ọmọ onílẹ̀, ọmọ ẹni tó tọrọ ilẹ̀: lébìrà kan náà ni wá lójú tiẹ̀.

Rafiu nàró. "Èmi ni Pächter!"

Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. Ohun tá a fi bú bàbá rẹ̀ ló fi ń yan.

"Eléyìí ńkọ́?" Bàbá náà nawọ́ sí mi.

Bí Rafiu bá ní lébìrà òun ni mí, ẹnu wo ni n óò fi ráhùn?

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Rafiu dáhùn. "Àlejò mi ni."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di ọ̀dùnkún sí báàgì fún mi. "Ẹ gba ìṣákọ́lẹ̀ yín o!"

Owú ò kúrò níkùn mi títí mo fi délé nírọ̀lẹ́. Mo se ọ̀dùnkún náà, ó dùn, ìyẹn gan-an tún dùn mí. Mo pe Rafiu lórí fóònù.

"Ẹ ṣé, Rafiu."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi lẹ̀ ń kí báyẹn?"

"Bàbá ẹ ni mò ń kí," mo ní. "Bá mi jíṣẹ́ náà fún wọn."