Ìdáhùn Ń Bọ̀ Lọ́la

Ojú ewé tó kẹ́yìn nìkan ni bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, máa ń kà nínú ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń béèrè ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan: wọ́n á sọ iye lẹ́tà rẹ̀ àti lẹ́tà méjì tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ló máa ń gbé ìdáhùn jáde. Dẹ́rẹ́bà kan ló ń bá a rà á bọ̀ láti Ìlaròó wá sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, ìlú wa létí bọ́dà.

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà pa, wọn ò jẹ́ kí epo mọ́tò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Dẹ́rẹ́bà gbé ọkọ̀ sílẹ̀, ìwé ìròyìn ò sì wá mọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́fà tó ní Q àti Z, kù sí Bàbá lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn bọ̀ láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á tú báàgì mi wò, bóyá ìrẹsì wà níbẹ̀. Kí n tó jókòó, Bàbá á ní, "O ti rí ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mu omi ná."

Inú máa ń bí mi. Kí lèèyàn fẹ́ fi Q àti Z ṣe nílùú tí ò sí epo?

Ìgbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, dẹ́rẹ́bà mú ìwé ìròyìn dé. Bàbá ṣí i wò, ó sì pa á dé. Ìdáhùn ìbéèrè àná ló wà níbẹ̀.

"Tiwa ti kọjá," ó ní.

Kò rán dẹ́rẹ́bà mọ́. Bí mo bá dé báyìí, mo máa ń jókòó, mo máa ń mu omi mi tán, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan.