Ọmọ Ilé Ọkọ Mi Lódìkejì Tábìlì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń fìdí rẹmi nínú ìdíje tẹníìsì orí tábìlì, èsì mi ti wà lẹ́nu: ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀kọ́ ilé mi pọ̀ jù. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí mò ń bá gbá, èmi ni n ó sáré lọ ṣà á, n ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bí mo bá gbá èyí tí kò lè dá padà, n ó ní, “Ẹ má bínú o.” Ọdún méjì ni mo fi ṣojú ilé ẹ̀kọ́ wa ní àdúgbò Fate nínú ìdíje àwọn olùkọ́, ọdún méjèèjì ni mo sì fi tẹ̀rín-tẹ̀rín pàdánù.

Bàbá tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá kò gbà pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Ó kù díẹ̀ kí bàbá yìí fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn àwáwí. Ó ní ọwọ́ mi dára, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀.

“Mádáàmù,” ló wí, “ẹni tó fẹ́ kírun, á kọ́kọ́ ní in lọ́kàn pé òun fẹ́ kírun. Ẹ̀yin ò tíì ní in lọ́kàn rí pé ẹ fẹ́ na ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn máa ń wá kí wọn ni.”

Ó wá ṣòfin fún mi: n ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì, n ò gbọdọ̀ tọrọ àforíjì, n ò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣa bọ́ọ̀lù. Láti dán mi wò, ó rán mi lọ sí ọjà Ìpàtá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n lọ ná ẹ̀wà pẹ̀lú ojú líle. Ó ní bí mo bá lè lejú koko mọ́ àwọn ará Ìpàtá, kò sí ẹni tí n ó bẹ̀rù mọ́ láyé.

Mo lejú koko. Ìyá ẹlẹ́wà wò mí, ó sì rọra gbé kóńgò sílẹ̀.

“Ta ló kú?” ló bi mí.

Mi ò dáhùn, torí bí mo bá la ẹnu, ẹ̀rín ni yóò jáde. Àìdáhùn mi tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Ó pe ẹni tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ olóògbé. Ó bu ẹ̀wà lé ẹ̀wà mi títí ó fi ń dà sílẹ̀. Kí ni ǹ bá sọ? Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo ròyìn fún bàbá, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ojú yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wá.”

Mo fẹ́ borí lọ́dún yìí, mi ò ní purọ́. Obìnrin tó bá gbégbá orókè ni yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa níbi ìdíje àwọn olùkọ́ gbogbo ìpínlẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún, mi ò sì tíì wọ aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sí lẹ́yìn rí. Mo gbé ojú ọ̀fọ̀ mi lọ síbẹ̀, mo na ẹni àkọ́kọ́, mo na ẹni kejì, mo na ẹni kẹta. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá ara mi ò yá.

Ó wá ku àṣekágbá. Mo dé ìdí tábìlì, mo gbójú sókè, àbúrò ọkọ mi obìnrin ló dúró lódìkejì.

Mo mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́. Mi ò mọ̀ pé ó mọ bátì dì mú. Ọmọ kékeré tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọ agboolé wọn nítòsí Ọjà Tuntun, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ọmọdé ni? Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, àgbà rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí. Mi ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ ni mò ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì ti ń kí i.

Mo kúnlẹ̀. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ wò mí lábẹ́ tábìlì, ó ní, “Mádáàmù, kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín?”

Géèmù méjì àkọ́kọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kí n gbá mọ́lẹ̀, n ó rọra tì í sí i lọ́wọ́. Mo ṣa bọ́ọ̀lù fún un. Mo ní, “Ẹ má bínú, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́.” Bàbá ṣí fìlà, ó fi bojú, mo sì ń gbọ́ “Súbúhánálàhì” láti abẹ́ rẹ̀. Ó ku géèmù kan ṣoṣo kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí a fẹ́ mu omi, àna mi wá bá mi. “Ẹ” ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ torí ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà inú ń bí i.

“Ìyàwó wa, ṣé ìkókó ni mí tí o fi ń fi bọ́ọ̀lù rẹ̀ mí? Gbogbo èèyàn ló ń rí i. Wọ́n á ní o fún mi ni. Tí o bá bọ̀wọ̀ fún mi lóòótọ́, gbá a bó ṣe mọ̀ ọ́n gbá. Mo pàṣẹ ni o.”

Ọmọ ilé ti pàṣẹ. Ta ni ìyàwó tí yóò kọ̀?

Mo gbá a. Wàláhì, mo gbá a bí ẹni pé n ò jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ rí. Mo gba géèmù kẹta, mo gba ìkẹrin, gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Nínú ìkarùn-ún, a jọ dé mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, híjáàbù mi ti lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Ó gba ìkẹwàá. Ó wá gbá sáàfù kan tí mo rí kedere, tí mo nà sí pẹ̀lú gbogbo ara mi, tí ọwọ́ mi ò sì bá. Mọ́kànlá rẹ̀ pé, ó borí.

Àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ wa rọ̀gbà yí mi ká. Wọ́n ní kí n má ronú, pé ọ̀wọ̀ àna ló ká mi lọ́wọ́ kò, pé ta ni kò mọ̀ pé mo dá a sí. Ìtùnú náà dùn, mo sì ti fẹ́ gbà á. Àna mi dúró nítòsí, ó di bátì rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo ẹnu mi.

“Irọ́ ni,” mo ní. “Kò sí ohun tí mo dá sí. Ó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ ni.”

Mo bá bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, àgbàlagbà bíi tèmi. Ó dùn mí wọ egungun. Ọdún méjì tí mo ti ń pàdánù, kò dùn mí báyìí rí, torí mi ò jà rí. Lọ́jọ́ yẹn mo jà, wọ́n sì nà mí.