Fọ́tò Tó Wà Lórí Ààrò

Àràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa ń nu àwọn fọ́tò orí ààrò. Ilé ìjọba ni wọ́n ń gbé ní Ìlọrin, àwọn òyìnbó ló sì mọ ààrò náà sára ògiri pálọ̀. Wọn kò dáná níbẹ̀ rí. Òdòdó oníke ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n sì to fọ́tò ẹbí sórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú, wọ́n á mú fọ́tò rẹ̀ kúrò láàárín àwọn alààyè, wọ́n á fi kọ́ sára ògiri lókè.

“Kálukú ló ní ìjókòó tiẹ̀,” ni wọ́n máa ń wí.

Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo ti lọ sí Líbíà, lẹ́tà rẹ̀ kò sì wá mọ́.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1991 ń bọ̀, bí n kò bá ṣì í, wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ ṣe. Àyè kò gba àbẹ́là, mo bá fi fọ́tò ọmọ náà kọ́ sókè. Ẹwà nìkan ni mo ń wá, àbí ohun tí mo fẹ́ gbà gbọ́ nìyẹn.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n wòkè, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ta ló rán ọ wá túfọ̀ ọmọ mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi o, Màmá! Àyè ni kò tó.”

“Ìyá rẹ ti gbọ́, àbí?”

Mo kúnlẹ̀, mo fi Bíbélì búra pé a kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wò mí tàánútàánú.

“Dìde, ọmọ mi. Wọ́n á ti ní kí o búra bẹ́ẹ̀.”